Ẹ Pè fún Iye Owó

Bí ẹ bá ti wá ilé rà lórí fóònù rí, ẹ mọ gbólóhùn yẹn. Ìpolówó á ti sọ fún yín pé yàrá 3 ni ilé náà ní, pé ilé ìwẹ̀ wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, pé bóòhóòlù wà, pé wọ́n ti fi fẹ́ńsì yí i ká, pé ọkọ̀ 4 gba inú ọgbà rẹ̀, pé kò ju ìṣẹ́jú 5 lọ sí títì ọlọ́dà. Àwòrán 12 á tẹ̀ lé e, ọ̀kan nínú wọn á sì jẹ́ ti àwo ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ ó wá wo ìsàlẹ̀, níbi tó yẹ kí owó wà, ẹ ó bá a níbẹ̀ pé: "Ẹ pè fún iye owó." Tàbí "Ẹ bá wa sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀." Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ kọ nǹkan kan, nọ́ńbà fóònù nìkan ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀.

Lójú tèmi, ẹni tó rántí ka iye ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò lè ṣèèṣì gbàgbé owó. Ó mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ ni. Ohun tó yẹ ká béèrè ni ẹni tí yíyọ náà ń ṣe láǹfààní, àti ọ̀nà tí ẹni tó fẹ́ rà á lè gbà mọ ohun tí wọ́n fi pamọ́.

Oṣù 5 ni mo fi ń ka irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ fún màmá mi. Aṣọ ni wọ́n ń tà ní Gbági Tuntun, n'Ìbàdàn. Onílé wa l'Ágbowó ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì fẹ́ ta ilé. Kì í ṣe ẹnu wọn la ti gbọ́ ọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ló fi ìpolówó kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé, "Ṣé kì í ṣe ilé yín nìyí?" Mo wò ó, ilé wa ni. Aṣọ iléèwé àbúrò mi wà lórí okùn nínú àwòrán kẹta. Kò sí owó níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n mú ìwé oṣù 6 wá fún wa pé ká kó jáde.

Ọdún 14 ni màmá mi ti ń san owó ilé náà. Wọ́n ní àwọn ò tún ṣe ayálégbé ẹnikẹ́ni mọ́. Owó àjọ wà lọ́wọ́ wọn, owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wà, ẹgbẹ́ náà sì lè yá wọn díẹ̀ lé e. Lápapọ̀, mílíọ̀nù 22 náírà ni. Mo lè sọ iye yẹn fún ẹ̀yin níbí. Nínú gbogbo éjẹ́ńtì tí mo bá sọ̀rọ̀ láàárín oṣù 5 yẹn, kò sí ọ̀kan tó gbọ́ ọ lẹ́nu wa.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé àìkọ owó yìí kò bí màmá mi nínú tó bó ṣe ń bí mi. Ó yẹ kí n ti mọ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù tiwọn náà, ẹ ò lè rí owó lára ìgàn aṣọ kankan. Ẹ ó béèrè, wọ́n á pè é, ẹ ó ná an, ẹ ó ṣe bí ẹni tó ń lọ, wọ́n á pè yín padà. Mo ní, "Màámi, kí ló wá yàtọ̀ nínú ohun tí àwọn éjẹ́ńtì yìí ń ṣe àti tiyín?"

Wọ́n ní ìyàtọ̀ wà, ó sì pọ̀. Bí àwọn bá pe ànkárá kan ní iye tó ga jù, ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ni oníbàárà máa gbé tó fi máa dé ṣọ́ọ̀bù tó kàn, ànkárá kan náà ló sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń tan èèyàn jẹ, ilẹ̀ ọjọ́ náà ò ní ṣú kí gbogbo ìlà náà tó mọ̀. "A ò kọ owó sára ọjà, àmọ́ ọjà mọ owó ara rẹ̀. Ilé tí ò fi owó hàn yìí, ta ló jókòó tì í tó ń ta irú rẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo rò títí. Ní ọjà, àìkọ owó kò sọ oníbàárà di afọ́jú, nítorí pé ọ̀pọ̀ òǹtajà ló jókòó ti ara wọn. Ilé ò rí bẹ́ẹ̀. Ilé kọ̀ọ̀kan dá dúró lórí ilẹ̀ tirẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ní in. Nígbà tí ẹni yẹn bá fi owó pamọ́, kò sí ṣọ́ọ̀bù kejì.

Bí mo ṣe ń rò ó nìyẹn kí n tó rí i pé ṣọ́ọ̀bù kejì wà ní tòótọ́, àti ẹ̀kẹta pẹ̀lú.

Búngálò oníyàrá 3 kan wà ní ìhà Mọ́níyà tí mo rí nínú ìpolówó kan. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn, mo rí òmíràn níbòmíràn, nọ́ńbà fóònù mìíràn ló wà lórí rẹ̀, àmọ́ igi máńgòrò kan wà lẹ́yìn ilé náà, táǹkì omi dúdú kan sì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí pákó. Ilé kan náà ni. Nígbà tó máa fi di ìparí oṣù, mo ti rí i lọ́dọ̀ ẹni kẹta. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó kọ owó. Mo pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ọjọ́ kan náà. Ẹni àkọ́kọ́ ní mílíọ̀nù 24. Ẹni kejì ní 27, ó ní ó ṣeé ná díẹ̀. Ẹni kẹta ò dá mi lóhùn, ìbéèrè ló fi fèsì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀, nítorí ó pẹ́ kó tó yé mi. Onílé á sọ fún éjẹ́ńtì pé, "Mílíọ̀nù 21 ni kó wọ ọwọ́ mi." Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní nẹ́ẹ̀tì. Ohunkóhun tó bá lé lórí rẹ̀, éjẹ́ńtì ló ni ín. Éjẹ́ńtì yẹn á sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ éjẹ́ńtì pé 24 ni. Ọ̀rẹ́ yẹn náà ní ọ̀rẹ́. Bí ìpolówó ṣe ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn ni owó ń wú. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá kọ owó sórí ìpolówó, ẹni kejì ò ní rí nǹkan fi lé e, kò sì ní bá a wá oníbàárà. Òfìfo tó wà níbi iye owó ni gbogbo wọn ti ń jẹun. Ìdí kan náà ló fà á tí wọn kì í fi í dárúkọ òpópónà: "ní ìhà Akóbọ̀", "lẹ́yìn Òjóò", bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ ọ́. Bí ẹ bá mọ òpópónà, ẹ ó lọ bá onílé fúnra yín.

N kò sọ pé kí éjẹ́ńtì má jẹun o. Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe, ẹsẹ̀ wọn ń rìn. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹni tó ń sanwó mọ ohun tó ń sanwó fún.

Ní ti ìbéèrè ẹni kẹta yẹn, gbogbo ẹni tó ti wá ilé rí ló mọ̀ ọ́n. Báyìí ni ọ̀rọ̀ wa ṣe lọ:

"Ẹ káàsán, sà. Mo rí búngálò tí ẹ gbé síta. Èló ni?"

"Ẹ káàsán o. Ẹ ṣeun tí ẹ pè. Èló ni bọ́jẹ́ẹ̀tì yín?"

"Iye ilé yẹn ni mò ń béèrè, sà."

"Mo gbọ́. Mo kàn fẹ́ mọ ibi tí ẹ dúró sí, kí n lè mọ èyí tí máa fi hàn yín."

Ẹ wo bó ṣe yí i po. Òun ló ní ọjà, èmi ló ní kí n pe owó. Bí mo bá sọ pé 22, ilé náà di 22 lójú ẹsẹ̀, bí 19 tilẹ̀ ni tẹ́lẹ̀. Màmá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ń mi orí. Wọ́n gba fóònù, wọ́n kí i dáadáa, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹni tó gbé igbá lérí ló ń polówó." Wọ́n sì gbé fóònù sílẹ̀.

Àǹtí mi kan tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù pe nọ́ńbà kan náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn pẹ̀lú fóònù tirẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú +44. Kò béèrè bọ́jẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ tirẹ̀ rárá. Ó sọ owó fún wọn tààrà: mílíọ̀nù 35.

Àǹtí yìí ló sọ fún mi pé ìdí tí irú èyí fi ṣòro ní ibi tí wọ́n wà ni pé owó ilé kì í ṣe àṣírí níbẹ̀. Iye tí wọ́n ta ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ilé ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales láti ọdún 1995 ló wà lórí ìkànnì HM Land Registry, ẹnikẹ́ni sì lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2022, àwọn tó ń ṣọ́ éjẹ́ńtì ilé níbẹ̀ tún sọ pé kí owó máa wà nínú ìpolówó. Bí ẹnì kan bá tilẹ̀ fi owó tirẹ̀ pamọ́, ẹ lè wo iye tí aládùúgbò rẹ̀ san ní ọdún tó kọjá. Àwa náà ò ṣàìní òfin: Òfin Ìdíje àti Ààbò Oníbàárà ti ọdún 2018 ní kí ẹni tó bá pàtẹ ọjà fi iye rẹ̀ hàn. Nídìí ilé títà, n kò tíì bá ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe nǹkan pàdé.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí kò kọ owó ni oníjìbìtì ṣá o. Mo ní láti sọ èyí nítorí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bú gbogbo wọn. Ẹni tó bá ní ayálégbé nínú ilé lè má fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ẹni tó bá máa gba mílíọ̀nù 60 lè má fẹ́ kí gbogbo àdúgbò ka iye yẹn lórí fóònù, pàápàá ní àkókò tí wọ́n ń jí èèyàn gbé yìí. Náírà fúnra rẹ̀ kì í dúró síbì kan: ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, dọ́là kan ò tó ₦500 ní ọjà ìjọba, nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹni tó bá kọ owó ilé rẹ̀ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ tó wá rí oníbàárà ní ìparí, ó ti ta ilé lówó ilẹ̀.

Àmọ́ ìdí kan wà tó le ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ, ilé tí àwa gan-an ń gbé ni mo ti kọ́ ọ. Nígbà tí màmá mi lọ bá àwọn ọmọ onílé pé bóyá àwọn lè ra ilé náà, èyí ẹ̀gbọ́n ní mílíọ̀nù 40. Èyí tó tẹ̀ lé e ní kì í ṣe 40, 55 ni. Obìnrin tó jẹ́ àbíkẹ́yìn ní òun ò tíì gbà pé kí wọ́n tà á rárá. Wọn ò fi owó pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Wọn ò tíì ní owó kankan tí wọ́n lè kọ. Ọ̀kan nínú wọn ló kàn mú fóònù, tó ya àwòrán, tó fi ránṣẹ́ sí éjẹ́ńtì.

Ẹ fọkàn sí èyí dáadáa. Nílẹ̀ wa, bí bàbá bá kú láìṣe ìwé ìhágún, ilé tó fi sílẹ̀ di ti gbogbo ọmọ rẹ̀. Ẹnì kan nínú ẹbí ò lè dá a tà: títà tí olórí ẹbí ò bá lọ́wọ́ sí, òfo ni ní kóòtù. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìjẹ́ pé àwọn tó ṣe pàtàkì nínú ẹbí fọwọ́ sí i, àwọn yẹn lè lọ sí kóòtù kí wọ́n dà á nù. N'Ìbàdàn níbí, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí kì í parí láìdé ọ̀dọ̀ mọ́gàjí. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá rí ilé tí kò ní owó, ó lè jẹ́ pé owó ni wọ́n fi pamọ́. Ó sì lè jẹ́ pé kò tíì sí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti pe owó. Irú ìkejì yìí ló máa ń gba owó àjọ ọdún 20 lọ́wọ́ èèyàn. Gbogbo wa la ti rí ara ògiri tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sí pé ilé yìí kì í ṣe títà, ẹ ṣọ́ra fún gbájú-ẹ̀. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rò pé ẹ̀rù àwọn ajèjì ló ń ba àwọn tó kọ ọ́. Nísinsìnyí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò wọn ni wọ́n ń kọ ọ́ sí.

Láti ìgbà náà, ìbéèrè tí a kọ́kọ́ ń bi éjẹ́ńtì yí padà. Kí a tó béèrè "Èló ni?", "Ta ló ni ín, ààyè ni tàbí òkú?" la kọ́kọ́ ń béèrè. Ẹ ó yà yín lẹ́nu bí àwọn kan ṣe máa ń yára gbé fóònù sílẹ̀.

Mo tún kọ́ bí a ṣe ń ka ìyókù ìpolówó, nítorí bí owó ò bá sí, àwọn ọ̀rọ̀ tó kù ló ń sọ̀rọ̀ nípò rẹ̀. "Pulọ́ọ̀tì kan" fún àpẹẹrẹ. Pulọ́ọ̀tì wo? Èyí tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 lọ́nà 120 fẹ̀ tó mítà 669 níbùú lóròó, èyí tó jẹ́ 50 lọ́nà 100 kò ju 465 lọ. Méjèèjì ni wọ́n ń pè ní pulọ́ọ̀tì n'Ìbàdàn. Ẹni tó bá ra kékeré ní owó ńlá ti san ìdá mẹ́ta owó rẹ̀ fún afẹ́fẹ́. "Ilẹ̀ gbígbẹ" náà wà, èyí tí mo máa ń fura sí jù lọ: ta ló ń sọ pé ilẹ̀ gbẹ níbi tí omi ò ti sí nítòsí? Ìlú tí Ògùnpa ti ya wọ ilé ní 1980, tí omi sì tún gbé ilé àti afárá lọ ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, kò yẹ kí ọmọ ibẹ̀ ra ilé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láìbi àwọn ará àdúgbò léèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án. "Nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin" ti wá pọ̀ ní ìhà Mọ́níyà láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ní 2021. A rí ọ̀kan tó jẹ́ pé ọ̀kadà ₦1,000 ló gbé wa láti ibùdó yẹn dé ibẹ̀. "Títà pàjáwìrì" ńkọ́? Bí pàjáwìrì bá jẹ́ òótọ́, owó ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ kọ.

Ìnáwó kan tún wà tí owó tí wọ́n fi pamọ́ yìí ń fà. Bí ẹ ò bá mọ iye ilé, ẹ ní láti lọ wò ó. Bí ẹ bá lọ wò ó, éjẹ́ńtì á gba owó ìyẹ̀wò, ₦5,000 lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ₦10,000 lọ́wọ́ òmíràn. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á tó sọ owó tó jẹ́ pé ká ní ẹ ti mọ̀ ọ́n, ẹ ò ní jáde nílé. Èyí tó burú jù ni pé nígbà tí wọ́n bá fi máa pe owó, ọkàn yín ti wà níbẹ̀. Mo rí i lójú màmá mi nínú ilé kan ní Apẹ̀tẹ̀. Wọ́n wo ilé ìdáná, mo sì mọ̀ pé wọ́n ti to ìkòkò wọn sí i. Èmi ni mo fà wọ́n jáde.

Nítorí náà, ní ti búngálò Mọ́níyà yẹn, a pinnu pé àwa fúnra wa la máa wá owó rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́ fún wa. Ọjọ́ Sátidé kan la lọ, láìsí éjẹ́ńtì. Igi máńgòrò àti táǹkì yẹn la fi dá a mọ̀, lẹ́yìn tí a ti rìn yí àdúgbò ká bíi wákàtí kan. A ò wọ inú rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ní ìkángun òpópónà la kọ́kọ́ dúró sí, nítorí kò sí ilé tí wọ́n kọ́ níbẹ̀ tí kò mọ̀. Ó ní pulọ́ọ̀tì kan tó jẹ́ 50 lọ́nà 100, ilé méjì sí búngálò náà, ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ní mílíọ̀nù 4. Ìyá tó ń ta èlùbọ́ ní ìdojúkọ rẹ̀ ní 3 mílíọ̀nù àti àbọ̀ ni òun gbọ́. Màmá mi ra èlùbọ́ kóńgò méjì lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì jókòó. Nígbà tí wọ́n máa fi dìde, a ti mọ̀ pé obìnrin kan tó ti kó lọ sí Àbújá ló ni ilé náà, pé òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ, pé ó ti tó ọdún kan tí wọ́n ti ń tà á, pé omi kì í dé ibẹ̀, àti éjẹ́ńtì tó kọ́kọ́ mú èèyàn wá wò ó.

Èyí tó kàn, a mú bíríkìlà kan tó jẹ́ ará ìjọ wa lọ wo ilé náà láti ìta fẹ́ńsì. Ó ka fèrèsé, ó wo páànù òrùlé, ó ní bí ẹnì kan bá máa kọ́ irú rẹ̀ lónìí látìpìlẹ̀, kò ní dín ní mílíọ̀nù 16. Ó ní òrùlé yẹn ò ní pẹ́ béèrè owó, ó sì tó mílíọ̀nù kan. Ilẹ̀ 4, ilé 16, ẹ yọ 1 kúrò. Mílíọ̀nù 19 nìyẹn, ìwé gbèsè àjẹṣẹ́kù la fi ṣe ìṣirò náà. Kò sí ohun ìjìnlẹ̀ kankan nínú rẹ̀. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀rù éjẹ́ńtì ò bà wá mọ́, nítorí nọ́ńbà kan wà lọ́wọ́ wa tí kì í ṣe ẹnu wọn ló ti jáde.

Éjẹ́ńtì àkọ́kọ́ yẹn, ẹni tó pe 24, ni a padà sí. Òun ló sún mọ́ onílé jù. Màmá mi ni wọ́n bá a sọ̀rọ̀. Wọn ò béèrè iye ilé mọ́. Wọ́n ní, "Èló ni ìyá onílé fẹ́ kó wọ ọwọ́ àwọn, èló sì ni tiyín? Ẹ pè é lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún mi." Ọkùnrin náà dákẹ́. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ẹ ti ṣòwò rí." Wọ́n ní, "Ọdún 26, ọmọ mi. Mi ò ní jẹ́ kí ẹ ṣiṣẹ́ lásán, àmọ́ mi ò ní san tiyín lẹ́ẹ̀mejì."

Mílíọ̀nù 21 ni nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ìná náà gba ọjọ́ 9, ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdákẹ́jẹ́. Màmá mi pe 17, wọ́n ní rárá. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ òrùlé, wọ́n sọ iye tí ilẹ̀ kejì lọ. Wọ́n dúró sí mílíọ̀nù 19 àti àbọ̀. Ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti éjẹ́ńtì, ìyẹn ₦975,000, iye kan náà sì ni ti lọ́yà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦21,450,000. Ẹ wò ó, bó ṣe ku díẹ̀ kó kan òrùlé mílíọ̀nù 22 yẹn nìyẹn, a ò sì tíì fọwọ́ kan páànù. Bí a bá ti dárúkọ 22 fún ẹnikẹ́ni ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ibo la fẹ́ ti rí ti lọ́yà?

Ilé náà ò ní C of O. Rìsíìtì tí ẹbí tó ta ilẹ̀ fún obìnrin náà kọ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ̀lú ìwé àdéhùn àti ìwé sọ́fè. Lọ́yà wa ti mú ìwé sọ́fè náà lọ sí Sẹkitéríàtì l'Ágodi kí wọ́n bá wa wò ó bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú ibi tí ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé. Ó ní kí a tún lọ rí ẹbí tó ta ilẹ̀ yẹn, kí mọ́gàjí wọn fúnra rẹ̀ sọ pé àwọn mọ̀ ọ́n. A ti lọ lẹ́ẹ̀kan, wọn ò sí nílé. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ la máa padà lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù nínú oṣù 6 tiwa. Àwọn ọmọ onílé wa l'Ágbowó ṣì ń jà. Éjẹ́ńtì Mọ́níyà ń pè lójoojúmọ́ pé oníbàárà mìíràn ti dé láti Èkó, pé owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, pé kí a tètè san ìdajì sílẹ̀ kí ilé má bàa bọ́. Màmá mi ò tíì san kọ́bọ̀. Lánàá, wọ́n ń ká aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ìpè náà wọlé. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wa lè gbọ́, wọ́n sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.

"Ẹ ṣeun, ọmọ mi," ni wọ́n sọ. "Ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ ará Èkó yẹn bóyá lọ́yà tirẹ̀ ti dé Agodi."